Balùwẹ̀ Àwọn Àlejò

Ife tíì kan ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kí n tó bọ́ bàtà tán. Wọn ò ní kí n mu ún o. Ọ̀rá ni wọ́n fi wé e, ewé maramíyà kan, ewé olóòórùn tí wọ́n ń sè mọ́ tíì, ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

"Májèlé nìyẹn, Sájẹ́ǹtì," ni Àlàájà Fidda, onílé, wí. "Ẹ gbé e lọ yẹ̀ wò. Najud, ìyàwó ọmọ mi, ló sè é."

Kùrukùru bo gbogbo ìlú Ajlun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí a ń gun òkè bọ̀, ilé ò hàn, igi ólífì ò hàn, ohùn ẹyẹlé nìkan là ń gbọ́ lókè orí wa, àfi bíi pé ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ ló ń kùn. Mo rò pé oorun ṣì wà lójú mi. Ní ti ọ̀gá mi, ṣe ni oorun máa ń wà lójú tirẹ̀ nígbà gbogbo. Wijdan ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Olóorun la máa ń pè é lẹ́yìn ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí ojú dídì ló fi ń ronú. Èmi Khalaf ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́. Mo mọ̀ pé bí obìnrin yẹn bá di ojú, ẹni tó bá purọ́ níwájú rẹ̀ kó yáa wá ibi gbà.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wa dé nìyí. Àlàájà Tamam, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Fidda, wá kí wọn láti Irbid. Yàrá àlejò ló sùn sí. Lọ́jọ́ tó yẹ kó padà sílé, gbígbọ̀n dé, ikọ́ dé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Ó ti wà lọ́sìbítù báyìí, ẹ̀rọ ló ń bá a mí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sì gbọ́ yé lẹ́nu rẹ̀ ni, "Tíì... tíì Najud."

Ìyẹn nìkan kọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí wọ́n ń ká ólífì, àbúrò Tamam, Àlàájì Mitib, wá láti Karak, yàrá yẹn náà lòun sùn sí. Ikọ́ ló gbé délé, kò sì pẹ́ tó fi kú. Wọ́n ní òtútù àyà ni, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Nígbà tí Tamam wá ṣubú, àwọn èèyàn so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n so ó mọ́ Najud lọ́rùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n Najud méjì ti wà lọ́nà láti Jerash láti wá mú un padà sílé pẹ̀lú ìtìjú. Bó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ọmọ rẹ̀, Jumana, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé, ilé bàbá rẹ̀ ló máa kù sí.

"Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà," ni Àlàájà Fidda wí, "inú ilé laṣeni ń gbé."

"Agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni, Màmá," ni ọ̀gá mi dáhùn jẹ́jẹ́. "Ilé ìdáná dà?"

Najud jókòó sórí àpótí kékeré, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà lẹ́ńtìlì. Ọmọ rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ó ti sunkún tí omijé ti tán.

"Ìwọ lo se tíì yẹn?"

"Èmi ni, mà. Kí ni wọ́n ń jẹ, kí ni wọ́n ń mu nílé yìí tí kì í ṣe èmi ni mo sè é? Tí mo bá fẹ́ pa èèyàn, ṣé àlejò ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀?" Ó wo ọ̀nà ibi tí ìyá ọkọ rẹ̀ wà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wò mí, mo gbé ẹ̀rín mì.

"Má sọ ìyẹn fún ẹlòmíì," ni Wijdan wí. "Kí lò ń fún àlejò tí o kì í fún ará ilé?"

"Kò sí, mà. Ìkòkò kan náà ni. Tíì tí Àǹtí Tamam mu, Màmá mu níbẹ̀, èmi náà mu níbẹ̀. Maramíyà dára fún inú rírun, ìyẹn ni mo ṣe fi sí i."

"Ta ló ń tún yàrá wọn ṣe?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n àfi tí Màmá bá dúró tì mí. Àwọn ló ni kọ́kọ́rọ́." Ó wá di ọwọ́ ọ̀gá mi mú, bẹ́ẹ̀ obìnrin kì í ṣàdédé di ọlọ́pàá mú. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Kí wọ́n mú mi, kò burú. Kí wọ́n má ṣáà gba ọmọ mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo jáde sí gbangba, mo díbọ́n pé fóònù ń pè mí. Fóònù sì pè lóòótọ́ nígbà tó yá. Mo ti fi ife náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan níbi àyẹ̀wò, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é kíá.

"Khalaf, tíì ni."

"Tíì àti kí ni?"

"Tíì àti maramíyà àti ṣúgà. Ṣúgà yẹn nìkan ló lè pa èèyàn níbẹ̀."

Bí tíì ṣe járe nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi náà ní làákàyè tèmi. Mo gbé ojú sókè, mo tún gbọ́ ohùn ẹyẹlé. Mo sáré lọ bá ọ̀gá. "Ọ̀gá, ẹyẹlé! Ìgbẹ́ ẹyẹlé máa ń fa àìsàn àyà, mo gbọ́ ọ lórí rédíò."

A gun òrùlé lọ. Òrùlé ibẹ̀ tẹ́jú bíi ti gbogbo ilé wa, táńkì omi wà níbẹ̀, dígí tí oòrùn fi ń mú omi gbóná wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ò yọjú rárá. Sayel, ọkọ Najud, dúró láàárín ẹyẹlé rẹ̀ nínú kùrukùru, a ò rí ju orí àti èjìká rẹ̀ lọ.

"Ta ló ń gbé pẹ̀lú ẹyẹlé wọ̀nyí láti àárọ̀ dalẹ́?" ni ọ̀gá bi mí.

"Sayel ni."

"Ṣé ó ń wúkọ́?"

Mo wo Sayel. Ara rẹ̀ le koko. "Rárá, mà."

"Ẹyẹlé náà ti járe." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé táńkì, ó gbé e lé páìpù tó wọ inú ilé lọ, ó sì di ojú. Lẹ́yìn náà ló wá bi Sayel pé, "Ṣé o gbà pé ìyàwó rẹ pààyàn?"

"Màmá mi sọ pé..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí màmá rẹ sọ."

Ó yí ojú sí àwọn ẹyẹlé. "Rárá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kéré jọjọ. "N kò gbà á."

"O ti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?"

Ó gbé ẹyẹlé kan sọ́wọ́. Inú bí mi sí i. Ọkùnrin gìrìwò bẹ́ẹ̀, tó lè fọ̀nahàn fún ẹyẹ lójú òfuurufú, tí kò lè la ẹnu nínú yàrá ìyá rẹ̀!

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ọ̀gá mi ní kí Àlàájà Fidda ṣí yàrá àlejò. Obìnrin náà fa okùn kan yọ lọ́rùn, kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà lórí rẹ̀. Yàrá náà dára. Tìmùtìmù aláràbarà, kápẹ́ẹ̀tì tó ń dán, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi aṣọ funfun tẹ́. Òtútù ibẹ̀ dà bíi ti yàrá tí èèyàn kì í gbé. Ọ̀gá mi bọ́ bàtà, ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó sì nà gbalaja.

"Ah! Ọ̀gá!" ni mo pariwo.

"Dákẹ́, Khalaf. Àlejò ni mí." Ojú rẹ̀ ti dì. Kùrukùru ti gba ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ inú yàrá wá rí bàìbàì, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú àlá. "Láti Irbid ni mo ti ń bọ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Màmá, kí lẹ kọ́kọ́ fún mi?"

Àlàájà Fidda dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kí òun bínú tàbí kí òun ṣàlejò. Àṣà ló borí. "Kọfí," ni ó wí.

"Gbogbo ilé mu kọfí. Mi ò tíì ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà?"

"Mansaf, ẹran lórí ìrẹsì. Odidi àgùntàn la pa."

"Nínú àwo kan náà?"

"Gbogbo wa la yí i ká."

"Mi ò tíì ṣàìsàn. Mo mu tíì. Ẹ̀yin náà mu níbẹ̀. Mo wá sùn. Ṣé sítóòfù wà nítòsí mi?"

"Ó wà, ṣùgbọ́n fèrèsé máa ń ṣí díẹ̀. Mo ti sin ọkọ, mi ò fẹ́ fi èéfín pa àlejò."

"Mo jí layọ̀." Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín músẹ́ pẹ̀lú ojú dídì. "Ilẹ̀ ti mọ́, òtútù ń mú, mo sì jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀ yín. Kí ni mò ń ṣe báyìí?"

Àlàájà Fidda gbé orí sókè. Inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè yìí. "Ẹ lọ wẹ̀. Ṣáwà ni! Àlejò mi kì í fi igbá bu omi inú bákẹ́ẹ̀tì bíi tiwa. Àwa ń gbé omi ka orí gáàsì, a ń wẹ̀ nínú kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ti àlejò yàtọ̀. Ọkọ mi ló kọ́ ọ kó tó kú."

Ojú ọ̀gá mi là.

"Níbo?"

Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. A ò tilẹ̀ rí i tẹ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kejì ló ni ín.

"Ta ló ń wẹ̀ níbẹ̀ tí àlejò ò bá sí?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Sayel tí mo bí nínú ara mi, kò wẹ̀ níbẹ̀ rí."

"Najud ńkọ́?"

"Najud? Kí ni Najud ń wá nínú balùwẹ̀ àlejò? Kò tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ rí."

"Ẹ ṣé, Màmá," ni ọ̀gá mi wí, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Láàárín Mitib àti Tamam, ṣé àlejò mìíràn sùn síbí?"

Ó ronú. "Bàbá Shibli nìkan, mọ̀lẹ́bí wa láti Madaba. Òun ò ṣàìsàn kankan. Ara rẹ̀ le bíi ti ẹṣin."

Mo pe Bàbá Shibli, mo gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Bàbá, ara ńkọ́?" ni ọ̀gá wí.

"Ó le bí òkúta, mo dúpẹ́."

"Ẹ jẹun nílé Àlàájà Fidda?"

"Mo jẹ, mo tún bù kún un."

"Ẹ mu tíì Najud?"

"Ife lórí ife. Ọwọ́ ọmọ yẹn dùn, Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀."

"Ẹ wẹ̀?"

Kí bàbá tó dáhùn, ohùn obìnrin kan ta síta lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ tún un bi! Ẹ bi í dáadáa!"

"Òtútù mú, mà," ni bàbá ń sọ. "Mo fi omi ìta ṣe àlùwàlá, ó tó, Ọlọ́run mọ ọkàn mi..."

"Láti ìgbà tí òtútù ti dé!" ni ìyàwó rẹ̀ ń pariwo. "Òbúkọ mi sàn jù ú lọ! Èmi ni mò ń sùn tì í!"

"Bàbá," ni ọ̀gá mi wí, "ìdọ̀tí yín ló gbà yín là."

"Ìyá Shibli, ṣé o gbọ́?" ni bàbá ké tayọ̀tayọ̀. "Ọlọ́pàá ló sọ ọ́ o!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ọ̀gá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìborùn rẹ̀ bo imú, ó ní kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

Òórùn omi tó ti pẹ́ lójú kan ló kọ́kọ́ kí wa. Kò rùn bí ohun tó kú, ó rùn bí ohun tó ń sùn. Balùwẹ̀ náà mọ́ fẹ́fẹ́, táìlì funfun, ọṣẹ ólífì tuntun, aṣọ ìnura tí wọ́n ká pọ̀. Ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n ṣí omi. Ó ní kí n tú orí ṣáwà jẹ́jẹ́. Mo tú u, mo yí ẹnu rẹ̀ sókè. Ohun aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ń yọ̀ bí ikun ilá ti dì sínú rẹ̀.

Báyílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ọ̀gá mi fi ìka kan ibi tí wọ́n ti ń yí i. Wọ́n ti yí i sílẹ̀ pátápátá.

"Ta ló yí i sílẹ̀, Màmá?"

"Èmi ni. Dísẹ́ẹ̀lì tó ń mú un ṣiṣẹ́ wọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi gbígbóná lè bó àlejò lára, mo fẹ́ kó ṣáà lọ́ wọ́ọ́wọ́."

"Tí àlejò ò bá sí, ṣé ẹ máa ń ṣí i kó ṣàn díẹ̀?"

"Astagfurullah! Kí omi máa ṣàn lásán? Omi tí ìjọba ń ṣí fún wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni."

Ọ̀gá mi di ojú, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò ronú lọ́tẹ̀ yìí. Ó dùn ún ni. Ó gba fóònù mi, ó pe dókítà tó ń tọ́jú Tamam.

"Dókítà, ẹ má wá májèlé mọ́. Kòkòrò kan wà tójú ò lè rí, tó ń gbé inú páìpù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kì í ṣe mímu ló fi ń pani, ìkùukùu ṣáwà ni èèyàn ń fà símú, ó sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni dókítà wí. "Àyẹ̀wò ìtọ̀ máa fi hàn. Ọ̀gá, májèlé ni wọ́n sọ fún wa, ọ̀nà ibẹ̀ là ń wò. Ẹ jẹ́ kí n sáré."

Nígbà tí a máa fi padà sí gbọ̀ngàn, àwọn ẹ̀gbọ́n Najud ti dé. Wọ́n jókòó lọ́tùn-ún, wọn ò bọ́ kóòtù. Àwọn ará ilé jókòó lósì. Najud dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àpò aṣọ kan ṣoṣo, ọmọ rẹ̀ sùn sí i léjìká. Sayel ń bu kọfí fún àwọn àlejò nínú ife kéékèèké. Nígbà tó kan ọ̀gá mi, ó gba tirẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀ láìmu.

Gbogbo ilé yí ojú sí ife náà. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá gbé kọfí kalẹ̀ báyìí ní ẹ̀bẹ̀ tó fẹ́ bẹ̀, kò sì ní mu ún títí onílé á fi gbà. Bí kọfí bá tutù síbẹ̀, ìtìjú onílé ni.

"Ẹ mu kọfí yín, Ọ̀gá," ni Sayel wí. Ojú ti tì í. "Ohun tẹ́ ẹ bá wá béèrè, ó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́."

"Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ." Ó sọ fún wọn bó ṣe rí, ohùn rẹ̀ ò sì ga rárá. Ó ní gbogbo ilé ló jẹ oúnjẹ Najud, kò sẹ́ni tó ṣàìsàn. Àwọn tó wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà nìkan ló ṣàìsàn, ẹni tó sá fún omi sì wà láyé ní Madaba, ìyàwó rẹ̀ ń bú u. Páìpù tí wọ́n tì pa, omi inú rẹ̀ ń sùn, kò gbóná, kò tutù, ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò yẹn fẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ò sì kúrò lọ́rùn onílé rí.

"Omi?" ni ẹ̀gbọ́n Najud àgbà wí. "Omi tí kò lọ́tàá?"

Fóònù mi dún. Dókítà ni. Mo gbọ́, mo sì sọ ọ́ síta bí mo ṣe gbọ́ ọ: wọ́n ti rí kòkòrò náà nínú àyẹ̀wò, wọ́n ti yí oògùn Àlàájà Tamam padà, ìrètí wà.

Ojú gbogbo èèyàn lọ sára Àlàájà Fidda. Ó ti di okùn ọrùn rẹ̀ mú.

"Ṣé èmi ni mo pa Mitib?" ni ó bi ọ̀gá mi. "Ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ bù fún un. Ohun tó dára jù nílé mi ni mo fún un."

Mo retí pé ọ̀gá mi á tù ú nínú. Kò parọ́ fún un. "Ẹ ò mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ bóyá Najud ló pa á náà, ẹ sì sọ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi rèé: ẹnu tó so ẹ̀sùn mọ́ ọn lọ́rùn ni kó tú u, níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Kọfí ń tutù lọ. Àlàájà Fidda ò gbéra.

Sayel ló kọ́kọ́ dìde. Ó gba àpò aṣọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀. "Ìyàwó mi ò pa ẹnikẹ́ni," ni ó wí sókè, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá àgbà náà dìde. Ó fa okùn yọ láti orí, ìborùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, kò bìkítà. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ Najud, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì kọ́ ọ lọ́rùn.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Iwájú Ọlọ́run àti iwájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo ti sọ ọ́. Dárí jì mí."

Najud wò ó pẹ́. Mo rí i pé ìbínú wà níbẹ̀, ó sì tọ́ kó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé Jumana kúrò léjìká, ó gbé e fún ìyá àgbà náà mú.

"Kọfí Ọ̀gá ń tutù, Màmá," ni ó wí.

Ọ̀gá mi gbé ife, ó sì mu ún tán.

A ò tíì lọ tí Najud fi wọ yàrá àlejò. Ọ̀gá mi ti ṣàlàyé fún un: kó yí báyílà sókè dé orí ọgọ́ta lára òǹkà rẹ̀, kí omi gbóná kọjá ohun tí kòkòrò lè fara dà, kí wọ́n sì lú omi tútù mọ́ ọn lẹ́nu ẹ̀rọ kó má bó ẹnikẹ́ni. Kó ju orí ṣáwà yẹn nù, kó ra tuntun, kó sì máa fọ̀ ọ́ déédéé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àlejò wà o, kò sí o, kó ṣí gbogbo ẹnu omi kó ṣàn dáadáa, kó gbé bákẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, kó sì gbé omi náà lọ fún igi ólífì, kó má bàa di ìfiṣòfò. Najud ṣí fèrèsé balùwẹ̀ sílẹ̀ gbagada, ó yí ẹ̀rọ omi díẹ̀díẹ̀, ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Kùrukùru ti ń ká kúrò lórí òkè nígbà náà. Àlàájà Fidda dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ láyà, òun tó ń ka omi tó bá kán sílẹ̀ lásán sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń ṣàn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń ṣàn, tó ń ṣàn, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ tì í.